Ẹni Tó Ń Kó Fóònù Wa Pamọ́

Tí mo bá ti rí kúlà, ọkọ àǹtí mi ni mo máa ń rántí. Kí ó tó jókòó ti oúnjẹ ní ilé wọn ní Castle Hill, á gba fóònù gbogbo wa, á kó wọn sínú kúlà, á sì dé e. "Kì í ṣe ẹ̀yin ni mi ò fọkàn tán, àwọn tó lè máa gbọ́ wa nínú fóònù ni," ló máa ń rọra wí.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe OLED, ojú fóònù tó ń tànmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Manhattan. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Korea àti Ṣáínà ń du ọjà náà kíkankíkan. Á ní, "Ọjà ọdún yìí kọ́ ni wọ́n ń jà sí. Ti ọdún tó ń bọ̀ ni."

Ní Sunday kan, ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí pè é láti ilé iṣẹ́ tó ń bá tiwọn díje. Ó ní kó wá bá àwọn ṣiṣẹ́, kó sì mú àṣírí sìkírìnì tuntun ilé iṣẹ́ rẹ̀ dání. Ó kọ̀.

"Kò burú, sà," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ bá mi kí ọmọ yín. Mo gbọ́ pé ó ti pààrọ̀ school."

Ní ọjọ́ kejì, ọkọ àǹtí mi lọ fi tó àwọn ọ̀gá rẹ̀ létí. Wọ́n bi í láti ìgbà wo ló ti ń bá àwọn yẹn sọ̀rọ̀. Wọ́n gba káàdì tó fi ń wọlé, wọ́n ní kó máa lọ sílé ná.

Ó ń ròyìn rẹ̀ fún èmi àti àǹtí mi lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ọkùnrin ọjọ́ Sunday yẹn ni, a sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Mo gbọ́ pé wọ́n ti gba káàdì yín. Ààyè yín ṣì wà lọ́dọ̀ wa."

Ó pa fóònù náà, ó wo àǹtí mi.

"Lọ di ẹrù ọmọ," ló wí.