Ọjọ́ Tí Papa Gíríìkì La Ẹnu Sọ Èdè Tọ́kì

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní ìlà-oòrùn Toronto, mo rí bébà kan lára ògiri kíṣìnì tó bà mí lẹ́rù. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé àwọn bàbá méjì kan kò gbọdọ̀ jókòó sídìí tábìlì kan náà láéláé. Mo bi Auntie tí a jọ wà ní shift, ará Ìjẹ̀bú tó ń gbé ní Ajax, pé kí ni wọ́n ṣe fún ara wọn.

"Wọn ò ṣe nǹkan kan fún ara wọn," ni Auntie wí. "Ọ̀kan jẹ́ Gíríìkì, èkejì jẹ́ Tọ́kì. Ìyẹn ti tó. My dear, gbé tray ẹ, jẹ́ ká lọ."

Mo rò pé àwàdà ni. Ìbàdàn ni mo ti dàgbà. Ohun tí mo mọ̀ nípa Gíríìkì kò ju èyí tó wà nínú Bíbélì lọ, Tọ́kì sì rèé, ibi tí àwọn oníṣòwò ti ń kó aṣọ àti bàtà wá ni mo mọ̀ ọ́n sí. Kò pé oṣù kan tí mo fi rí i pé ààrin ìjọba méjì ni mò ń ṣiṣẹ́. Bí Papa Gíríìkì bá so àsíá ilẹ̀ wọn mọ́ ilẹ̀kùn lónìí, Papa Tọ́kì á so tiwọn lọ́la, tiwọn á sì tóbi jù ú lọ. Bí ìròyìn bá ti sọ pé ọkọ̀ òfurufú ológun ilẹ̀ méjèèjì ń lé ara wọn kiri lójú òkun, ẹ má wulẹ̀ retí pé oúnjẹ àárọ̀ máa dùn lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Eré kan wà tí àwọn méjèèjì fẹ́ràn, eré onídáìsì tó jọ lúdò, orí pákó ni wọ́n ti ń ta á. Kálukú ní pákó tirẹ̀, igun yàrá kálukú sì yàtọ̀, òun nìkan ni yóò máa bá ara rẹ̀ ta á. Lọ́jọ́ kan Papa Gíríìkì ju dáìsì, ó gbé mẹ́fà àti márùn-ún, wọ́n kígbe, "Ṣẹ́ṣì-bẹ́ṣì!" Kò pẹ́ sí i, Papa Tọ́kì náà ju tiwọn ní igun kejì: "Ṣẹ́ṣì-bẹ́ṣì!"

Ẹnu mi kò gbà á dúró. "Papa, ẹ̀yin méjèèjì mà ń pe nǹkan kan náà o!"

Papa Gíríìkì fọwọ́ gbá pákó náà dànù. "Má ṣe fi mí wé ẹni yẹn mọ́ láyé rẹ."

Mo kúnlẹ̀, mo ń ṣa dáìsì lábẹ́ àga. Láyé mi, mi ò tíì rí àgbàlagbà tó bínú tó báyẹn lórí eré.

Ìgbà òtútù ni ilẹ̀ mì ní Tọ́kì. Mo wọ bọ́ọ̀sì méjì àti subway láti Rexdale láàárọ̀ ọjọ́ náà, yìnyín ṣì wà lára bàtà mi nígbà tí mo wọlé tí mo bá Papa Tọ́kì ní ìdúró níwájú tẹlifíṣọ̀n. Wọn ò jókòó, wọn ò sì di ohunkóhun mú, àwọn tí kì í dúró láìsí ọ̀pá. Nínú tẹlifíṣọ̀n náà, ilé alájà mẹ́wàá ń wó lulẹ̀ bí ẹni tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Ìlú tí ilé yẹn wà ni àbúrò wọn obìnrin ń gbé, òun nìkan ló sì kù nínú gbogbo ọmọ ìyá wọn. Wọ́n pè é. Fóònù dún, dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, kò dún mọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, Papa Tọ́kì jí, Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò lẹ́nu wọn. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba ibì kan jẹ́ nínú ọpọlọ, pé Gẹ̀ẹ́sì náà lè padà, ó sì lè má padà. Èdè Tọ́kì nìkan ló kù. Wọ́n wá ògbufọ̀ lórí fóònù, Papa wo fóònù náà bí ìgbà tí èèyàn bá bú wọn, wọ́n sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. A pe ọmọ wọn kan ṣoṣo tó ń gbé ní Calgary. Ọkùnrin náà bú sẹ́kún.

"Mi ò gbọ́ èdè náà," ló wí. "Láti kékeré ni Dádì ti ń sọ ọ́ sí mi, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń dá wọn lóhùn."

Mo ní ọmọ méjì nílé. Tí mo bá ní "Ẹ wá jẹun," ohun tí wọ́n máa ń sọ ni "We're coming, Mum."

Papa Tọ́kì ò jẹun mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ keje, mo mú ṣíbí ọbẹ̀ dání níwájú wọn, mò ń bẹ̀ wọ́n. Tẹlifíṣọ̀n ń ṣiṣẹ́ lókè orí wa. Wọ́n ń fi àwọn adóòlà-ẹ̀mí tí ilẹ̀ Gíríìsì rán lọ hàn, bí wọ́n ṣe ń fa ọmọdébìnrin kan jáde láti abẹ́ àlàpà, tí àwọn ọkùnrin gìrìwò-gìrìwò ń sunkún, tí wọ́n ń pariwo sí ara wọn ní èdè wọn. Papa Gíríìkì gbọ́ èdè náà lódìkejì yàrá. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n wò ó títí. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n di kẹ̀kẹ́ ìfirìn wọn mú, wọ́n kọrí sọ́dọ̀ wa.

Mo bọ́ sí àárín. "Papa, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má ṣe é lónìí."

Wọn ò wò mí. Wọ́n tẹ̀ síwájú lórí kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n la ẹnu, èdè Tọ́kì ló jáde.

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Auntie dúró gbagidi pẹ̀lú jọ́ọ̀gì omi lọ́wọ́. Papa Tọ́kì yí orí padà bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè láti ìta, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu wọn bí omi tó ja ìdènà.

"Kí ni wọ́n ń sọ?" mo béèrè.

"Ó ní ọbẹ̀ yín kò ní iyọ̀," ni Papa Gíríìkì wí. "Ó ní kí ẹ yé pariwo mọ́ òun, òun kò dití. Ó tún ń béèrè àbúrò rẹ̀."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin Papa Gíríìkì wá kí wọn. Toronto ni wọ́n bí i sí, ó ti lé lógójì ọdún. Ó bá bàbá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Papa Tọ́kì, ó gbọ́ èdè tó ń jáde, àpò ọwọ́ rẹ̀ sì já bọ́.

"Dádì, níbo lẹ ti gbọ́ èdè yẹn?"

Wọ́n wá sọ pé Istanbul ní ilẹ̀ Tọ́kì ni wọ́n bí àwọn sí. Nígbà tí àwọn wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ìjọba méjèèjì ń fa erékùṣù Kípírù mọ́ ara wọn lọ́wọ́, Kípírù tí à ń kà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Nítorí pé Gíríìkì ni wọ́n, ọlọ́pàá mú ìwé wá fún bàbá wọn láti fọwọ́ sí pé àwọn á fi ìlú sílẹ̀. Àpótí kan péré ni wọ́n fi kúrò nílùú tí wọ́n bí wọn sí. Inú ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ti búra pé èdè náà kò ní jáde lẹ́nu àwọn mọ́.

"Ṣé Mọ́mì mọ̀?"

"Rárá."

Ìyá rẹ̀ ti kú ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Ọmọbìnrin náà mú àpò rẹ̀ nílẹ̀, ó jáde, a ò sì rí i fún bí oṣù kan.

Lọ́jọ́ kẹtàlá, ọmọ tó wà ní Calgary pe ọ́fíìsì. Wọ́n ti rí àbúrò Papa Tọ́kì lábẹ́ ilé, ó ti kú. Ó bẹ̀ wá pé kí Papa Gíríìkì bá òun sọ fún bàbá òun. Èmi ni mo bá Papa Gíríìkì rìn lọ sí yàrá Papa Tọ́kì. Wọ́n ní kí n dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí Tọ́kì kan ní èdè rẹ̀," ni wọ́n wí. "Wo èyí tí Ọlọ́run fún mi."

Wọ́n wọlé lọ sọ ọ́. Nígbà tí mo yọjú, ọwọ́ wọn wà lórí ọwọ́ Papa Tọ́kì, wọ́n jọ ń wo ilẹ̀.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Papa Tọ́kì ń sọ ìtàn àbúrò wọn, Papa Gíríìkì sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi: bí ó ṣe ń hun ìbọ̀sẹ̀, bí ó ṣe ń fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tó ń ṣe sójà. Lójijì Papa Gíríìkì dá ìtumọ̀ dúró, wọ́n di kẹ̀kẹ́ wọn mú.

"Kí ni wọ́n wí, Papa?"

"Kò wí nǹkan kan. Mú mi lọ sí yàrá mi."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Kípírù ni ìbọ̀sẹ̀ náà lọ. Papa Tọ́kì wà lára àwọn ọmọ ogun tó bá àwọn Gíríìkì jagun níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ni Papa Gíríìkì fi ń jẹun nínú yàrá. Papa Tọ́kì á máa wo ẹnu ọ̀nà, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ti ń padà sí wọn lẹ́nu, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń bi mí: "Níbo? Níbo?"

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Papa Gíríìkì jáde. Wọ́n bi Papa Tọ́kì ní ìbéèrè kan ṣoṣo, wọ́n gbọ́ èsì, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó.

"Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni nígbà náà," ni wọ́n sọ fún mi. "Ó ní méjìlélógún. Ó ní wọn ò bi òun bóyá òun fẹ́ lọ." Wọ́n nu ẹnu wọn. "Wọn ò bi èmi náà."

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n fi mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè ilẹ̀ méjèèjì hàn tí wọ́n dì mọ́ra, Auntie pàtẹ́wọ́. Papa Gíríìkì ní kó rọra, pé wọ́n ti dì mọ́ra rí lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ mìíràn, wọ́n sì tún jà.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọ náà wá mú Papa Tọ́kì lọ sí Calgary. Àwọn bàbá méjèèjì kò dì mọ́ra. Papa Gíríìkì sọ gbólóhùn kan lẹ́nu ọ̀nà, Papa Tọ́kì mi orí, ọkọ̀ sì gbéra. Mo béèrè ohun tí wọ́n sọ.

"Mo ní kó má gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀."

Mo bá wọn rìn padà sí yàrá. Ọjọ́ méjì gbáko, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, lédè kankan.