Àgbélébùú Tó Há Sẹ́nu Ẹ̀rọ

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn sísítà tó tọ́ mi dàgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ̀n. Wọ́n kọ́ mi ní àdúrà, wọ́n kọ́ mi ní taípù, wọ́n sì kọ́ mi pé ọmọ kan kì í dá rìn láìsí ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí òbí bá wá gba máàkì ọmọ, gbogbo kíláàsì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí wọ́n tó fa ìlà sábẹ́ orúkọ ọmọ náà, kí ẹni tó bá ń kà á lè rí ibi tó dúró sí. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe ń ṣe é ní ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo ti jẹ́ akọ̀wé ní Kàbà. Kọ̀ǹpútà rọ́pò taípù, ìwà mi kò yí padà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá àgbẹ̀ kan dé láti Ògìdì.

"Okun o, ìyá ọ́fíìsì."

"Okun o, màmá. Ẹ jókòó."

"N ò jókòó. Ọmọ mi ti ń bá mi jókòó ní gáréèjì."

Lóòótọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jáde lọ́dọ̀ wa lọ́dún tó kọjá, ti wà nínú mọ́tò Lọ́kọ́ja, ó ń di àyè mú. Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ibẹ̀ pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́jọ́ náà. Ìwé tó ń fi máàkì rẹ̀ ọdún mẹ́ta hàn wà lára ohun tí wọ́n béèrè, ilẹ̀kùn yóò sì tì ní agogo méjìlá ọ̀sán. Bí kò bá rí ìwé náà mú lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ sì ti ní àwọn kò ní dúró de ọdún tó ń bọ̀, kó wá bá àwọn roko.

Mo ṣí ètò tí a fi ń kó máàkì jọ, mo gbá odindi kíláàsì rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta pọ̀, mo kọ́pì rẹ̀. Mo bọ́ sínú ètò tí a fi ń kọ lẹ́tà, mo ní kó tú u síbẹ̀. Òbírí kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó yí, ó yí. Ojú kọ̀ǹpútà funfun bí ọyẹ́, ọ̀rọ̀ kan sì jáde lókè.

"Kí ló wí?" ni màmá bi mí.

"Ó ní òun kò dáhùn."

"Ó kúkú dáhùn nìyẹn. Bàbá ọmọ yìí, nígbà ayé rẹ̀, kì í sọ tó bẹ́ẹ̀."

Mo fi tipátipá pa ẹ̀rọ náà, mo tún un tàn. Mo bẹ̀rẹ̀ "Mo kí ọ Màríà" mẹ́wàá kó tó jí. Ní ìkeje mo dúró bú ẹ̀rọ náà dáadáa, mo sì padà sí ìkẹjọ. Mo tún kọ́pì, mo tún tú u sílẹ̀. Ó tún há.

Ìgbà yẹn ni Fadá, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, wọlé pẹ̀lú ìgò omi mímọ́. Lójú Fadá, ibà, ejò àti kọ̀ǹpútà, oògùn kan náà ni wọ́n ń lò.

"Fadá, iná wà lára rẹ̀ o!" Mo da ara bo bọ́tìnnì, gbogbo omi náà sì dà sí mi lórí.

"Kò ṣòfò," ni Fadá wí. "Ẹ̀yin náà nílò rẹ̀."

Tíṣà ìṣirò wa, ọmọ ìdílé oníṣòwò mùsùlùmí kan nínú ìlú, tí gbogbo wa ń pè ní Málàmù, ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Fadá, ẹ̀rọ yìí ti ṣe ìrìbọmi lẹ́ẹ̀mẹta ní táàmù yìí. Ẹ jẹ́ kí mùsùlùmí fọwọ́ kàn án."

Ó jókòó, ó tẹjú mọ́ fáìlì náà. "Màdáámù, kí ni ohun dúdú kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan yìí?"

"Àgbélébùú ni."

"Ta ló gbé e síbẹ̀?"

Èmi ni. Nígbà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, mo fi fóònù mi ya àwòrán àgbélébùú tí wọ́n gbẹ́ sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo sún un kì títí ó fi kéré bí ẹ̀wà, mo sì ń fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń gbàdúrà fún un.

Málàmù fa etí ọ̀kan nínú wọn. Ó fẹ̀ títí ó fi gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. A rí ìṣó. A rí aláǹgbá kan lára ilẹ̀kùn náà.

"Lójú lásán ló kéré," ni Málàmù wí. "Bó ṣe wúwo lọ́jọ́ tí ẹ yà á ló ṣì ṣe wúwo. Ó ju ọgọ́rùn-ún ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì lọ tí ẹ ń gbé láti inú ètò kan bọ́ sí èkejì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ ká pa wọ́n rẹ́."

"Málàmù! Àgbélébùú ni ẹ ní kí n pa rẹ́? Níṣojú Fadá?"

Fadá gbójú sókè, ó ń wo àjà.

Fóònù màmá dún. Ọmọ rẹ̀ ni: dírẹ́bà ní òun ń lọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Màmá pa fóònù, ó yíjú sí mi.

"Ìyá ọ́fíìsì, Jésù fúnra rẹ̀, ẹyọ kan ló gbé, ó sì ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta. Ọgọ́rùn-ún lẹ dì ru ẹ̀rọ."

Fadá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Agídí mi sì tán.

A kò pa wọ́n rẹ́ náà. Málàmù ṣí ètò kékeré kan tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ ṣákálá, èyí tí kò mọ àwòrán rárá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ayé àwọn sísítà, mo mú orúkọ ọmọ kan ṣoṣo láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ìlà mẹ́ta péré, mo tú u síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ nìkan ló wọlé. Mo gbé e látibẹ̀ lọ sínú lẹ́tà, ó sì jókòó kí n tó ṣẹ́jú. Nígbà tó jáde lórí ìwé, ọkàn mi kò gbà kó lọ bẹ́ẹ̀, mo fi bírò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé ipò kẹrin ló ṣe nínú kíláàsì rẹ̀. Fadá bu ọwọ́ lù ú lórí ìdúró, mo lu òǹtẹ̀. Màmá sọ ọ́ sínú nílọ́ọ̀nù, ó fò lé ọ̀kadà, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Aago àdúrà Áńjẹ́lù lù ní agogo méjìlá ọ̀sán, a kò tíì gbọ́ nǹkan kan láti Lọ́kọ́ja. Málàmù ń lọ kírun, mo ní kó bá mi fi ọmọ náà sí àdúrà. Ó ní òun ti fi sí i tẹ́lẹ̀.

Ó ti lé ní agogo méjì kí ọmọ náà tó pè.

"Ẹ káàsán, mà. Èmi ni wọ́n gbà wọlé kẹ́yìn kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ti bi mí ní gbogbo ìbéèrè wọn."

"Kí ni wọ́n wí sí ìwé wa?"

"Wọ́n ní ta ló fi bírò kọ nǹkan sí i. Mo ní akọ̀wé wa ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Wọ́n wo ara wọn, mà. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n sọ bí mo ṣe ṣe ipò kẹrin láàárín ẹgbẹ́ mi."