Èmi Tí Mo Fi Sàráà Pa Ẹja Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ bá mi jókòó, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ẹ má kàn rẹ́rìn-ín jù o!

Ìyá ọkọ mi, Àlàájà, ní kòtò ẹja kan tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ sẹ́yìn ilé wa ní Bẹ́yẹrúnká. Èpìyà ló wà níbẹ̀. Àbúrò ọkọ mi fẹ́ bímọ, Àlàájà sì ti ní ẹja ọwọ́ òun làwọn àlejò máa jẹ níbi ìsọmọlórúkọ. Ni wọ́n bá lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fa ẹja lé mi lọ́wọ́.

Ta ló ń da oúnjẹ nù nínú agboolé wa? Ẹ̀ṣẹ̀ ni! Èkọ ṣẹ́kù, mo fi ṣe sàráà fún ẹja. Ìrẹsì tọ́mọ mi kò jẹ tán, ẹja ló ni ín. Kò pẹ́, gbogbo ilé ti ń gbé abọ́ wá.

Omi wá di àwọ̀ ewé. Mo tiẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Àlàájà pé kí wọ́n wá wo bí omi wọn ṣe tutù yọ̀yọ̀!

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ẹja yọ ẹnu sókè, wọ́n ń là á, wọ́n ń pa á dé. Mo rò pé wọ́n ń kí mi ni. Mo dá wọn lóhùn!

Ni fóònù bá dún, Àlàájà ló ń pè.

"Ìyàwó, ṣé mo ní kí o bọ́ ẹja ni, àbí mo ní kí o se àsè fún wọn?"

Wọ́n ní oúnjẹ tó jẹrà nísàlẹ̀ ló sọ omi di ewé, pé kò sí èémí fún ẹja mọ́. Kí n yáa gbọ́n ìdajì rẹ̀, kí n fi omi kànga rọ́pò. Mo gbé garawa, mo bi wọ́n pé ṣé kí n dà á sí gọ́tà.

"Gọ́tà kẹ̀! Níbo lo rò pé gọ́tà ń lọ? Adágún odò tí bàbá mi ti ń dẹ àwọ̀n ló ń lọ! Ewé omi ti bò ó lónìí, ṣé sàráà tìẹ ló wá kù kó jẹ? Da á sídìí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ẹ̀yìn ilé jàre!"

Mo ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ti pẹ́ jù, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹja náà kú. Omi bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń ṣà wọ́n.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àwọn àgbàlagbà nìkan lẹja kàn. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó mu omi yẹn ló kún abọ́ àwọn yòókù! Orí ẹja kan ṣoṣo ni Àlàájà bù fún mi. "Gbà, Ìyá Ẹlẹ́ja. Sàráà ẹ ti padà wá."

Látìgbà náà, tójò bá ń fọ gọ́tà wa láti òkè Mápó, mi ò dúpẹ́ mọ́. Omi ọṣẹ wa, ìgbẹ́ ewúrẹ́ wa, òjò ò gbé wọn sọnù. Ó ń gbé wọn lọ bá ẹja ẹlòmíì ni.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ ti fi ìfẹ́ àpọ̀jù bà jẹ́ rí? Ẹ sọ ọ́ síbí, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú yìí jẹ́ tèmi nìkan!