Káfíńtà Fi Ẹ̀gbẹ́ sí Ọkọ̀

Àga káfíńtà yìí kì í mì. Bí oníbàárà bá wá gba àga, á ní kó jókòó, kó yí ìdí sọ́tùn-ún, kó yí i sósì. Àga á dúró gbagidi. Ìdí nìyí tí ojú fi ń tì í pé ọkọ̀ ojú omi kékeré tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Bàtà rẹ̀ bọ́, ó bẹ̀rẹ̀ kó mú un, ọkọ̀ bá da òun àti àpò aṣọ oníbàárà sódò. Láti ìgbà náà, títì ló ń gbà lọ kí ìyá rẹ̀ ní òdìkejì odò: wákàtí mẹ́ta gbáko. Ọkọ rẹ̀ ń dá tukọ̀ lọ ní ogún ìṣẹ́jú, kò sì rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Èyí ló dùn ún jù.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ó dé kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjì pinpin, ó so wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan, níbi tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí lọ́jọ́sí. Ó kọ bébà, ó fi í sórí ẹ̀rọ ìránṣọ: “Mo ti fi egbe si oko. Wa ba mi lo.” Káfíńtà kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ sáré dé etí odò, bébà lọ́wọ́, téèpù lọ́rùn.

“Bàbá wọn, ègbé wo lẹ fi sí oko wo?”

“Ẹ̀gbẹ́ ni! Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀!”

Káfíńtà ti ọkọ̀ sómi. Kẹ́ẹ̀gì gbé apá kan sókè, apá kejì tẹ̀ wọ̀ọ̀.

Apẹja àgbà kan tó ń tún àwọ̀n ṣe gbójú sókè. “Káfíńtà, kí ni ọkọ̀ rẹ ń tẹ́tí gbọ́ lábẹ́ omi?”

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Bàbá wọn, ta ló ń rán apá kan ṣoṣo sí ẹ̀wù?”

Wọ́n wá kẹ́ẹ̀gì méjì mìíràn. Ó ní kí ọkọ òun jókòó sáàárín ọkọ̀, ó sàmì síbi tí omi dé, ó wọn ọ̀tún, ó wọn òsì.

“Kẹ́ẹ̀gì ò gbọdọ̀ rì,” ni apẹja wí. “Kí ìdí rẹ̀ ṣáà fẹnu ko omi. Bí ọkọ̀ bá tẹ̀, omi á tì í padà.”

Nígbà tí wọ́n so ó tán, káfíńtà dìde nínú ọkọ̀, ó jó. Ọkọ̀ tẹ̀ díẹ̀, ó padà.

“Ijó kọ́ ló dà mí sódò,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ó bọ́ bàtà kan, ó jù ú sínú ọkọ̀. “Ẹ mú un.”

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra, ó nawọ́ dé etí ọkọ̀, ó mú un. Ọkọ̀ dúró bí àga.

“Ó dáa,” ló wí, “ẹ ò ní gbé bàtà mi lọ kẹ́ ẹ fi mí sílẹ̀.” Ó wọ ọkọ̀.

Lórí omi, ó yọ pẹ́ńsù, ó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ inú bébà náà. Ó dé orí “egbe”, ó dúró. “Èwo gan-an lẹ fẹ́? Ẹ̀gbẹ́ àbí ẹgbẹ́?”

“Méjèèjì,” ni káfíńtà wí. Ó sì ń tukọ̀ jẹ́jẹ́, kí ogún ìṣẹ́jú lè di ọgbọ̀n.