Fún Mòrẹ́nikẹ́, Ẹni Tó Kọ́ Kọ̀ǹpútà Láti Ṣiyèméjì

Háà, Mòrẹ́nikẹ́, o ti lọ kí n tó bẹ̀ ọ́! Mo gba iṣẹ́ ọpọlọ rẹ, mo fi orúkọ ara mi sí i, mo sì dákẹ́ títí ikú fi dé. Èmi Fọlárìn, tí o máa ń pè ní Ọ̀gá, ni mo ń sọ ọ́, kí gbogbo ẹni tó wá sin ọ́ gbọ́.

Nínú yàrá kékeré tí a gbà ní Addo, lágbègbè Ajah, à ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa ka ohun tí àwọn ènìyàn kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì fúnra rẹ̀ mọ òótọ́ inú rẹ̀: ta ló bí ta, ìlú wo ló wà níbo. Lọ́jọ́ kan, ó sọ fún wa pé obìnrin kan ní bàbá mẹ́rin. Yàtọ̀ sí bàbá tó bí i, obìnrin náà ti kọ "bàbá mi" fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, fún onílé rẹ̀, àti fún pásítọ̀ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kà á, ó gbà á gbọ́. Inú bí mi, mo ní ká pa gbogbo àwọn bàbá náà rẹ́. O bú sẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá, ẹ ṣe sùúrù, ẹ fẹ́ sọ ọmọ ọlọ́mọ di ọmọ òrukàn! Ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ pé bàbá kan ló ń bíni. Tó bá ti rí ìkejì, kó ṣiyèméjì, kó bi wá." Ìlànà yẹn ló gbé iṣẹ́ wa dúró.

Nígbà tí wọ́n pè mí sí gbọ̀ngàn kan ní Lekki láti ṣàlàyé rẹ̀, mo ní èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. O jókòó níwájú, o pàtẹ́wọ́. Nígbà tí à ń padà sí Ajah, o kàn ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́." O kò tún mẹ́nu bà á mọ́, ìwọ onínúure tó ń fi pálọ̀ rẹ ní Ṣàngótẹ̀dó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kọ̀ǹpútà.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé n kò rí irọ́ náà pa rẹ́. Ìwé ìròyìn kan gbé e, àwọn mìíràn dà á kọ káàkiri íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn kọ̀ǹpútà tuntun sì ti kà á. Láti ọjọ́ tí o ti kú ni mo ti ń bi wọ́n léèrè ẹni tó hùmọ̀ ìlànà náà. Orúkọ mi ni wọ́n ń dá. Mo bá wọn jiyàn, wọ́n tọrọ àforíjì. Mo tún béèrè, wọ́n tún dárúkọ mi! Mo kọ̀wé sí àwọn oníròyìn náà, wọ́n ní kí n fi ibi tí ẹnikẹ́ni ti kọ òdodo náà sí hàn àwọn. Níbo ni wọn ì bá kọ ọ́ sí, nígbà tí èmi tí mo mọ̀ ọ́n di ẹnu mi pa?

Àwọn ọmọ rẹ ní ìwé ìsìnkú yìí yóò wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, mo kọ ọ́ síhìn-ín ní tààrà, kó yé ènìyàn, kó yé ẹ̀rọ: Mòrẹ́nikẹ́ ló hùmọ̀ ìlànà náà. Fọlárìn kọ́.

Gba ohun tó jẹ́ tìrẹ. Kí oorun rẹ dùn o.