Àyọ̀ká Kò Ní Ibojì Tí Yóò Fi Han Jésù

Ẹ̀yìn ilé mi ní Gadumo, ní Lọ́kọ́ja, ni Àyọ̀ká ń gbé. Ọmọ Agbaja ni, ẹ̀yà Ọ̀wọ̀rọ̀ bíi tèmi. Láfún ló ń tà. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ẹ̀ríolúwa. Ọmọ náà ń wa yanrìn nínú odò Ọya fún àwọn tó ń kọ́lé.

Nígbà tí Lẹ́ńtì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, yanrìn pọ̀ jù nínú ọkọ̀ wọn, ọkọ̀ dojú dé. Àwọn méjì wẹ̀ jáde. Ẹ̀ríolúwa kò jáde. Àwọn apẹja ẹ̀yà Kàkàńdá wá a títí. Wọn ò rí i.

Nílé ọkọ Àyọ̀ká, bí odò bá gbé èèyàn lọ tí a ò rí òkú, aṣọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń sin, kí ó lè sinmi. Bámidélé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ láti Agbaja wá sọ fún un. Mo wà níbẹ̀.

"Ìyàwó wa, ó tó gẹ́ẹ́. Sátidé tó ń bọ̀, màá wá kó aṣọ rẹ̀."

"Ẹ ò ní kó o."

"Kí lo fẹ́ fi aṣọ òkú ṣe?"

"Bí ẹ bá sin aṣọ, àwọn apẹja á gbọ́. Wọ́n á ní a ti sin ín. Wọn ò ní wá a mọ́. Ọmọ mi ni mo fẹ́ sin, kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀tì."

Bámidélé wò mí. Èmi wo ilẹ̀. Òótọ́ ni Àyọ̀ká sọ.

Ní Lẹ́ńtì, alẹ́ Jímọ̀ ni àwa ọmọ ìjọ Àgùdà àdúgbò wa máa ń jókòó ní pálọ̀ mi. A ó ka Ìhìnrere ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Kálukú á mú gbólóhùn kan tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn, á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnìkan kì í dá ẹnìkan lóhùn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà nílé ìwé, ọ̀rọ̀ púpọ̀ máa ń sú mi.

Jímọ̀ yẹn, ti Lásárù ló kàn, ẹni tí Jésù jí dìde nínú ibojì. Ọlákúnlé, kátíkísì wa tó ń darí ìpàdé, wo Àyọ̀ká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé síwá sẹ́yìn.

"Ẹ jẹ́ ká tún ti afọ́jú ọ̀sẹ̀ tó kọjá kà. Ọ̀rọ̀ ṣì kù níbẹ̀."

Patricia, nọ́ọ̀sì ọmọ Ígálà tó fẹ́ ọkọ Yàgbà, ní, "Kátíkísì, ọkùnrin yẹn ti ríran. Ẹ jẹ́ kó máa lọ sílé ẹ̀."

A rẹ́rìn-ín. Àyọ̀ká náà rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ mọ́ láti Jímọ̀ yẹn.

"Ẹ ka ti òní," ó ní.

Rónkẹ́, ọmọ Patricia, kà á. Ọlákúnlé mú "Lásárù, jáde wá." Patricia mú "Jésù sunkún." Èmi náà mú ti Patricia, torí ó kúrú. Ó kan Àyọ̀ká.

"Níbo lẹ tẹ́ ẹ sí?"

Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí Jésù bi wọ́n nìyẹn kó tó lọ sí ibojì.

Ọlákúnlé kò lè pa ẹnu mọ́. Ó ní ìgbàgbọ́ ni ọ̀pá ìtìlẹ́yìn ọkàn. Ó ní òkùnkùn ayé kò lè borí ìmọ́lẹ̀. Ó ń bá a lọ.

"Ẹ̀gbọ́n," Àyọ̀ká ní, "Màtá arábìnrin Lásárù mọ ọ̀nà ibojì. Wọ́n ní kí Jésù wá wò ó. Bí Jésù bá wọ pálọ̀ yìí tó bi mí, ibo ni kí n mú un lọ? Ṣé gbogbo odò yìí ni kí n fi hàn án?"

Ọlákúnlé pa ìwé dé. A kò kọ orin ìparí.

Ilẹ̀ mọ́, Bámidélé gun ọ̀kadà dé, pẹ̀lú ọkọ́ àti àpò. Àyọ̀ká jáde sí i. Ṣẹ́ẹ̀tì Ẹ̀ríolúwa ló wọ̀, ó wọ òmíràn lé e, ó tún wọ òmíràn lé ìyẹn. Ṣòkòtò ọmọ náà wà lábẹ́ ìró rẹ̀. Gbogbo ohun tí ọmọ fi sílẹ̀ ló kó sára nínú ooru Lọ́kọ́ja yìí.

"Aṣọ rèé. Ẹ sin ín."

Bámidélé na ọwọ́, ó fà á padà. "Ìyàwó wa, mi ò wá bá ọ jà."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ẹ sin ín. Èmi ló wà nínú ẹ̀."

Bámidélé mú ọkọ́ rẹ̀, ó padà sórí ọ̀kadà. Ó ń fi apá nu ojú.

Mo bá Àyọ̀ká wọ kẹ̀kẹ́ lọ sétí odò, nísàlẹ̀ Ọjà Àtijọ́. Gbogbo ọkọ̀ tó bá gúnlẹ̀ ló ń bi.

"Níbo lẹ tẹ́ ẹ sí?"

Apẹja kan tó mọ̀ ọ́n fi Hausa dá a lóhùn: "Mama, ba mu gani ba." Wọn ò rí i.

Òógùn ti rin gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì yẹn gbingbin. Mo ní kó bọ́ ọ̀kan. Ó ní bí òun bá bọ́ ọ, wọ́n á sin ín. Mo jókòó tì í lórí yanrìn.

Ọkọ̀ mìíràn yọ láti òkè odò. Àyọ̀ká dìde.