Adébímpé Gun Òkè Láìru Ẹrù

Ẹni tó ru ìkòkò epo kì í wòkè. Bó bá gbé ojú sókè, ọrùn á yẹ̀, epo á dànù, elépo á sì bú u títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, fún ọdún méjìdínlógún tí Adébímpé ará Ìtòrí fi ń ru epo gba Abẹ́òkúta kọjá, ẹsẹ̀ àpáta Olúmọ nìkan ló mọ̀. Ó mọ òkúta tó ń gún ni ní àtẹ́lẹsẹ̀ níbẹ̀. Ó mọ ibi tí àwọn ewúrẹ́ ń yàgbẹ́ sí. Orí àpáta náà, etí ló fi ń gbọ́ ọ.

Ọdún kẹta lẹ́yìn tí àwọn Ẹ̀gbá lé ogun Dàhòmì padà lẹ́nu odi ni ọkọ rẹ̀ kú. Ó ṣọ̀fọ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ tó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ẹbí ọkọ pé jọ láti ṣe bí wọ́n ti máa ń ṣe: ọkùnrin inú ẹbí tó bá fẹ́ ṣú u lópó yóò fi pákò ìfọnu rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Bó bá gba pákò, ó di aya onípákò. Bó bá dá a padà, yóò palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kúrò nínú agbo ilé. Pákò kan ṣoṣo ló dé, ti Dìran, àbúrò ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn yòókù kò fẹ́. Dìran ti kìlọ̀ fún wọn.

Òwò epo ni Dìran ń ṣe. Kò fẹ́ aya. Ìyàwó mẹ́ta ti wà nílé rẹ̀, ó sì máa ń ka ẹran inú ọbẹ̀ wọn kó tó jáde. Orí tí yóò máa ru epo rẹ̀ láìgba nǹkan kan ló fẹ́. Gbogbo ẹbí ló mọ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì jókòó síbẹ̀, wọ́n ń jẹ obì.

"Ọjọ́ méje la fún ọ láti ronú," ni Bàbá Ọlálẹ́yẹ, olórí ẹbí, wí. "Kí lo máa fi wọ́n ṣe?"

"Màá lọ sí Abẹ́òkúta, Bàbá."

"Epo ta lo fẹ́ lọ rù?"

"N kò ní ru epo ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ gun òkè. Mo sì fẹ́ jẹun."

Ẹnì kan ní ọ̀fọ̀ ti dà á lórí rú. Dìran ní òun yóò bá a lọ, kí ẹni tí pákò òun wà lọ́wọ́ rẹ̀ má baà sá lọ.

Wọ́n jáde ní ìdájí, àwọn mẹ́ta: Adébímpé, Dìran, àti Sìlífátù, ọ̀rẹ́ Adébímpé tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ìyàwó Mùsùlùmí oníṣòwò kan. Wọn kò tí ì rìn jìnnà tí ọrùn Adébímpé fi bẹ̀rẹ̀ sí yí kiri bí ọrùn ọmọ tuntun. Kò sí ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ó ń kọjá ibi tó fẹ́ tẹ̀. Òòyì ń kọ́ ọ, ó sì dùn mọ́ ọn.

"Sìlífátù, àbí mo ti mu ẹmu ni?"

"Ẹ̀yin ẹlẹ́mu lẹ mọ ìyẹn. Bó o ṣe ń rìn yìí, adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú okùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lo jọ."

Ọ̀dọ̀ Tẹjúmádé, ọmọbìnrin Adébímpé tó wà nílé ọkọ ní Ìtòkò nínú Abẹ́òkúta, ni wọ́n wọ̀ sí. Láfún ni Tẹjúmádé rò fún wọn, ó funfun, ó ń dán, ó sì fi ọbẹ̀ ìsápá tó lẹ́gúsí àti ẹja yíyan láti inú odò Ògùn tì í. Ní gbogbo ọdún tí Adébímpé fi ń gba ìlú yìí kọjá, ẹ̀kọ tútù ló máa ń jẹ lẹ́bàá ọ̀nà, ní ìdúró, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má baà fi í sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yìí ó jókòó. Ó jẹ òkèlè kan, ó dijú. Ó jẹ èkejì, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín, ìyá mi?"

"Ó gbóná, ọmọ mi. Ṣé bó ṣe máa ń gbóná lójoojúmọ́ nìyí?"

Dìran ní ẹja náà kéré. Mẹ́rin ló ti jẹ kó tó rí i pé ó kéré.

Lọ́jọ́ kejì, àpáta kan tó wà lẹ́yìn ilé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, torí kò ga. Adébímpé sáré gùn ún lẹ́ẹ̀mejì, bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ló tún ń gòkè, Sìlífátù sì jókòó nísàlẹ̀, ó ń jẹ ìgbín díndín, ó ń ké sí i pé, "Agbàlágbà! Ọmọ rẹ ń wò ọ́ o!" Dìran sùn.

Lọ́jọ́ kẹta, Olúmọ kàn. Tẹjúmádé di ẹ̀kuru sínú apẹ̀rẹ̀ fún wọn. Dìran kó tirẹ̀ jáde: àpótí ìjókòó kan, ẹní kan, kèrègbè omi ńlá kan. Ó tò wọ́n síwájú Adébímpé, ó sì yí ẹ̀yìn padà, ó ń lọ. Báyìí ló ti máa ń ṣe sí gbogbo alárùú láti ìgbà tó ti ń ta epo. Kò sí èyí tó tẹ̀ lé e láìgbé ẹrù rí.

Adébímpé wo ẹrù náà. Ó fò ó kọjá.

"Ọkọ mi, ẹrù yín wà nílẹ̀ o!"

Dìran yíjú padà. "Ta ni yóò gbé e?"

"Èmi ò mọ̀. Eré ni mo wá ṣe."

"Ẹ̀kuru nìkan ni mo lè gbé," ni Sìlífátù wí, ó ti gbé apẹ̀rẹ̀ sórí. "Oúnjẹ kì í ṣe ẹrù."

Kò sí ẹni tó fẹ́ bá Dìran gbé e. Ó dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Adébímpé ṣàánú rẹ̀, ó ká aṣọ kan ní òṣùká fún un. "Ẹ má wòkè o," ló kọ́ ọ. "Ẹsẹ̀ yín ni kẹ́ ẹ máa wò."

Wọ́n kí àwọn àgbà tó ń ṣọ́ ìdí àpáta, wọ́n gba àyè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gùn. Adébímpé fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gùn ún bí ọmọdé. Òkúta náà gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nígbà tó dé orí rẹ̀, atẹ́gùn fẹ́ gèlè rẹ̀ dànù, kò sì lé e. Òrùlé koríko tẹ́ lọ bí ẹní títí dé odi ìlú, èéfín ìdáná ń gòkè nínú agbo ilé gbogbo, odò Ògùn sì ń kọ mọ̀nà láàárín igbó.

"Yéè!" ló kígbe. "Sìlífátù, wo bí wọ́n ṣe kéré! Wo ọ̀nà epo, okùn lásán ni!"

Ó ń yí gbirigbiri lójú kan, ọwọ́ rẹ̀ nà jáde, títí Sìlífátù fi di ìró rẹ̀ mú kó má baà já bọ́.

Dìran dé lẹ́yìn wọn, ó ń mí bí ewìrì. Àpótí ti yẹ̀ sí etí rẹ̀ kan.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Elépo!" ni Sìlífátù wí. "Ṣé ẹ rí odò Ògùn?"

"Odò wo?"

Àwọn obìnrin méjèèjì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

Dìran ju àpótí sílẹ̀. "Èmi lẹ ń fi rẹ́rìn-ín? Ṣé èmi ló yẹ kí n ru ẹrù, kí ẹni tí mo fẹ́ torí ẹrù máa ta kiri bí ewúrẹ́? Adébímpé, jẹ ayé ọ̀sẹ̀ yìí tán. Ogójì ìkòkò epo ló ń dúró dè ọ́ nílé. Orí yẹn, tèmi ni."

Adébímpé ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn mọ̀ lábẹ́ ẹrù kò dà bí ohun tó gbọ́ nígbà tí ọrùn rẹ̀ tọ́. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ pákò jáde. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Ẹ̀rín kò tí ì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ gbà, ọkọ mi. Ẹ máa fi fọ eyín yín."

"O ń ṣeré."

"Mo ti ń ṣeré láti àná. Èyí kì í ṣe eré."

"Wàá kó ẹrù rẹ jáde! Kò ní sí ibi tí wàá sùn ní Ìtòrí!"

"Mo gbọ́."

"Bàbá Ọlálẹ́yẹ á gbọ́!"

"Ẹ bá wa kí wọn," ni Sìlífátù wí. "Ẹ má gbàgbé àpótí yín."

Dìran sọ̀ kalẹ̀ lọ, ó sì gbàgbé rẹ̀. Adébímpé jókòó lé e lórí, wọ́n tú ẹ̀kuru, wọ́n fi ata díndín jẹ ẹ́ títí imú wọn fi ń ṣomi, wọ́n sì ń jiyàn lórí òkè tí àwọn yóò gùn lọ́la.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Tẹjúmádé ń dáná oúnjẹ alẹ́. Ìyá rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un láìfi ọ̀kankan pamọ́: òun ti dá pákò padà, òun kò nílé mọ́. Ìgbà yẹn nìkan ni ohùn rẹ̀ gbọ̀n.

"Ó máa ń gbóná lójoojúmọ́ níbí, ìyá mi," ni Tẹjúmádé wí. Ó bu ìyẹ̀fun láfún igbá kan sí i sínú omi tó ń hó, ó sì ń rò ó.